Ọ̀rọ̀ Àṣírí fún Ẹni Tí Kò Gbọ́ràn

Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ọ̀gá ti ìpàdé dé lónìí, ojú wọn dà bí ojú ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó bá ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀. Wọ́n pe gbogbo wa sí ọ́fíìsì, àfi Aǹtí Gbohùngbohùn tó wà ní tábìlì ìgbàlejò. Wọ́n ní òfin ti dé. Òfin ààbò ìsọfúnni nípa ara ẹni.

Wọ́n ní ẹni tó bá ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀, tó ń gba nọ́ńbà fóònù wọn, tó sì mọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n, ó gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tó nílò lọ. Kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Pabanbarì rẹ̀, etí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Wọ́n dánu dúró kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wá lára. Ohùn Aǹtí ló wọlé dípò rẹ̀: "Baba, etí ọ̀tún ni. Ìdọ̀tí ló dì sí i. Ó ti le bí òkúta." Gbogbo àwọn tó jókòó síta dáhùn pọ̀ pé ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baba.

Ọ̀gá di ojú.

Ilé ìwòsàn etí, imú àti ọ̀fun ni tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá kò gbọ́ràn. Ohun tó gbé wọn wá nìyẹn. Tí o kò bá pariwo, o kò tíì sọ̀rọ̀.

"Ta ló mọ kọ̀m̀pútà nínú yín?" Ọ̀gá ti mọ ìdáhùn. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀m̀pútà ibẹ̀. "Pólì, ìwọ ni Alábòójútó Ààbò Ìsọfúnni láti òní lọ." Pólì ni wọ́n ń pè mí torí ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣẹ́ ni mo lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe Ọ̀gá ní Yunifásítì.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Mo sọ fún wọn nílé. Màámi béèrè pé ṣé oyè ni àbí iṣẹ́. Mo ní wọn ò tíì sọ fún mi.

Bàámi kàn mi orí ni. Ohùn wọn ti há, ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí. Wọ́n ní eruku ni, torí pé wọ́n máa ń rìn láràárọ̀ kí ara wọn lè le. Bàbá wọn náà, ohùn ló kọ́kọ́ lọ. Baba fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. A kì í sọ ọ́ nílé wa. Mo kọ ọ́ síbí torí ìwé kì í fèsì.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Mo fi gbogbo ọjọ́ ka òfin. Àwọn tó kọ ọ́ kò retí pé ẹnì kan máa kà á.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹni, ti ẹni ni, bó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹni náà lè ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ han òun. Ó lè ní wọ́n ṣì í kọ. Ó lè ní kí wọ́n yọ èyí tí kò pọn dandan. Mo rò pé tí wọ́n bá fi èyí lélẹ̀ láàárín àwọn ẹbí, ìpàdé ẹbí á parí.

Mo kọ òfin tiwa, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí fáìlì aláìsàn tí iṣẹ́ kò gbé e débẹ̀. Mo sì ṣètò kọ̀m̀pútà kó máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí fáìlì sílẹ̀.

Aǹtí kà á, ó ní, "Pólì, o fẹ́ máa ṣọ́ wa?"

Mo ní èmi kọ́, kọ̀m̀pútà ni.

"Ta ló wá ń ṣọ́ ìwọ?"

Mo ní kọ̀m̀pútà náà ni.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. Inú rẹ̀ dùn jù fún ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta

Mo ní kí Aǹtí máa rọra sọ̀rọ̀. Ó gbìyànjú. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́ létí màmá kan. Màmá ní hẹ̀n? Ó tún un sọ. Màmá ní hẹ̀n? Lẹ́ẹ̀kẹta, màmá bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń wá síbí wọn kò bá òun sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí, àfi kí wọ́n sọ òótọ́ fóun, ṣé òun máa kú ni.

Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún màmá ni pé kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Síléètì. Mo mú un dé lónìí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi hàn án, ẹ nù ún. Ta ló máa gbọ́?

Màmá àkọ́kọ́ gba síléètì, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, ó sì kà á bí ẹni ń kéde fún gbogbo àdúgbò: ẸRAN HÙ SÍNÚ IMÚ YÍN, A MÁA GÉ E. Ó yíjú sí àwọn tó jókòó, ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n gbọ́. Ẹnì kan níbẹ̀ tí irú rẹ̀ ti ṣe rí dìde wá ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lára. Ó gbé imú rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè wò ó.

Ọ̀gá ní kí n tún un rò.

Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Bàámi fẹ́ pè mí láti yàrá wọn. Ohùn kò jáde. Wọ́n fọwọ́ gbá ògiri.

Ajé, 10 oṣù Kẹta

Ọ̀tá Wa wá sí ilé ìwòsàn.

Kí n ṣàlàyé. Bàámi àti ọkùnrin yìí jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni tiwọn. Kí ìwé tó wọ abẹ́ ẹ̀rọ, ẹnì kan á máa ka ọ̀rọ̀ síta tòun ti kọ́mà àti fúlúsítọ́ọ̀pù, ẹnì kejì á máa fojú bá a lọ lórí ìwé tí wọ́n ti tò, á máa ṣa àṣìṣe bí ẹni ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọ̀tá ló ń kà, Bàámi ló ń fojú wò. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀tá lọ sọ fún máníjà pé ojú Bàámi ti ń ṣú. Òótọ́ ni. Ohun tó sì dun Bàámi nìyẹn. Bàámi sọ ọ́ fún un bí ọ̀rẹ́, ó lọ fi ròyìn bí òṣìṣẹ́. Wọ́n gbé Bàámi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ìwé sínú páálí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Bàámi ti ní òfin ààbò ìsọfúnni kí ìjọba tó kọ tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, a kì í kí wọn. Màámi máa ń sọdá títì tí wọ́n bá rí ìyàwó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi jogún ìjà náà kí n tó mọ ìwé kà. Ó wà lára ohun ìní ìdílé wa tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá ẹnì kejì jà sí.

Aǹtí gbé síléètì fún un. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Etí ni mo gbé wá."

Síléètì kò wúlò. Tí Aǹtí bá sì pariwo, òfin ti fọ́ nìyẹn. Aǹtí wò mí. Gbogbo àwọn tó jókòó wò mí, torí àwọn náà ti ń bá ìṣòro yìí bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe máa parí.

Ìgbà náà ni Kọ́bọ́ọ̀dù sọ sí mi lọ́kàn. Yàrá kékeré tí a ti ń yẹ etí wò ni. Ògiri rẹ̀ jẹ́ fóòmù, ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bí ilẹ̀kùn báńkì. Ariwo kì í wọ ibẹ̀. Ta ló wá rò ó rí pé ariwo kì í ti ibẹ̀ jáde?

Mo mú un lọ́wọ́ wọlé. Mo tilẹ̀kùn. Mo fi gbogbo agbára mi pariwo bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe é, ó sì pariwo dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo jáde, Aǹtí ní òun kò gbọ́ ẹyọ kan, ó ní ẹnu wa kàn ń ṣí láti ojú gíláàsì bí ẹnu ẹja.

Kó tó dìde, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ohùn rẹ jọ ohùn kan tí mo mọ̀."

Mo pariwo pé ohùn pọ̀ tó jọra. N kò dárúkọ ara mi. Òfin ní kí n gba ìwọ̀nba tí mo nílò. Kò ní kí n máa pín tèmi kiri.

Ó ní ọmọ dáadáa ni mí, àwọn òbí mi kò tọ́ mi dànù. Ó ṣòro láti kórìíra ẹni tó ń súre fún ọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. N kò sọ fún ẹnì kankan nílé pé mo rí i. N kò láṣẹ.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta

Kọ́bọ́ọ̀dù ti di ibi pàtàkì. Àwọn aláìsàn ń tò láti wọlé lọ gbọ́ ìsọfúnni ara wọn. Ọ̀gá yọ̀ débi tí wọ́n fi pè mí ní "ìwọ ọmọ yìí" dípò Pólì.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní olùbẹ̀wò láti ọ́fíìsì tó ń mójú tó òfin náà lè yọ sí wa nígbàkúùgbà, kò sì ní sọ pé òun ni. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ohun tí a bá sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la ń fura sí.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Aǹtí wá bá mi ní yàrá iṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹn nìkan ti tó láti já mi láyà. Ó ní olùbẹ̀wò ti dé.

Ó ní ọkùnrin kan jókòó sí igun, ó fi ìwé ìròyìn bojú. Láti ìgbà tó ti dé kò tíì ṣí ojú ìwé kejì. Kò ní hẹ̀n rí. Tí wọ́n bá pe orúkọ ẹlòmíì, ìwé ìròyìn a mì. "Pólì, ẹni yìí gbọ́ràn. Kí ló wá ṣe níbí?"

Mo ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò. Mo nu bàtà mi mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Mo lọ dúró níwájú ìwé ìròyìn náà, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, sà. Èmi ni Alábòójútó Ààbò Ìsọfúnni níbí. Tí ẹ bá ní ìbéèrè kankan, inú wa á dùn láti dáhùn."

Ìwé ìròyìn rọra sọ̀ kalẹ̀. Bàámi ni.

A wo ara wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," Bàámi wí, ohùn wọn dà bí ẹni ń fi iyanrìn fọ ìkòkò.

"Ẹ ṣeun, sà," mo wí.

Ìwé ìròyìn gòkè padà. Mo yíjú, mo lọ jókòó sí yàrá mi. Aǹtí béèrè pé òun ni àbí òun kọ́. Mo ní n kò láṣẹ láti sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ yìí, n kò tíì sọ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá fúnra wọn ló yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n pẹ́ nínú yàrá. Bàámi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

A jókòó sídìí oúnjẹ. Bàámi béèrè pé iṣẹ́ ńkọ́. Mo ní ó ń lọ, sà. Wọ́n ní ṣé àwọn ènìyàn ń wá. Mo ní wọ́n ń wá. Wọ́n ní irú àwọn wo. Mo ní oríṣiríṣi.

Màámi fi ṣíbí lélẹ̀. "Kí ló ń ṣe ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ ń dáhùn bí ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá."

Bàámi bu omi mu. Ọ̀fun wọn lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo wò ó jù.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo rò pé òwe lásán ni tẹ́lẹ̀.

Ajé, 17 oṣù Kẹta

Fáìlì náà wà níbẹ̀. Mo rí orúkọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, màá mọ̀. Kọ̀m̀pútà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ṣí i, ẹni tó sì máa yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, tó máa pe ọ̀daràn wá sọ tẹnu rẹ̀, èmi náà ni. Mo fojú inú wo bí ìjókòó náà ṣe máa rí. Màá wá máa bẹ ara mi.

Aǹtí wọlé. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó wo ojú kọ̀m̀pútà, ó wò mí.

"Baba ọjọ́sí yẹn," ó ní. "Imú yín jọra."

Mo fọwọ́ bo imú mi.

"Èmi ni mo máa ń ṣí fáìlì láti fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá. Iṣẹ́ mi ni. Tí mo bá ṣí i, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ṣé kí n bá ọ wò ó?"

Àánú ló ṣe é. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ṣòfófó ni, ẹnu mi ì bá yára kọ̀ ọ́.

Mo ní rárá. Mo ní tí mo bá gbà, ògiri tí mo lẹ òfin mọ́ yẹn, mi ò ní lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Mo sì ní, tí Bàámi bá fẹ́ kí n mọ̀, wọ́n mọ ilé.

Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ó dáa, mi ò ní ṣí fáìlì kankan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí baba yẹn jáde, Ọ̀gá ń súfèé. O mọ̀ pé wọn kì í súfèé tí nǹkan bá burú." Ó rọra tilẹ̀kùn. N kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ṣeé rọra tì.

Mo wo inú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sọ nǹkan kan nípa súfèé.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta

Lẹ́tà dé. Wọ́n kọ ọ́ sí Alábòójútó Ààbò Ìsọfúnni. Yàrá ẹni tó kọ ọ́ kọjú sí tèmi.

"Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní ẹ̀dà gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn yín kọ nípa mi. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ yọ. Òfin fún mi ní ẹ̀tọ́ sí méjèèjì."

Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo lọ wo ìwé òfin tí mo fi sórí tábìlì nílé. Wọ́n ti kà á láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n fi pẹ́ńsù fi kọ́mà kan sí i níbi tí ìjọba gbàgbé.

Ìlà kan. Ìlà wo?

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta

Ọ̀gá fọwọ́ ara wọn tẹ ẹ̀dà náà jáde, wọ́n lẹ ẹnu àpòòwé pa, wọ́n gbé e fún mi. Mo kọ èsì pé kí aláìsàn wá gbà á lọ́la. Mo ki èsì náà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn Bàámi, mo sì padà sí yàrá mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ya àpòòwé rẹ̀.

Ẹtì, 21 oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo mú wọn wọ Kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n jókòó sí àga aláìsàn, ẹ̀rọ tí a ń fi sí etí rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Mo fún wọn ní àpòòwé. Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Lẹ́yìn náà wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi èékánná kan ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.

"O kò ṣí i."

"N kò ṣí i, sà."

"O lè ṣí i."

"Mo lè ṣí i."

Wọ́n mi orí. Wọ́n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lè gbọ́ wa. Mo ní wọ́n lè pariwo títí ilẹ̀ máa fi ṣú. Wọ́n ní ariwo gan-an ni wọ́n ní káwọn jáwọ́ nínú rẹ̀.

Mo béèrè ìlà tí wọ́n fẹ́ kí a yọ. Wọ́n ya àpòòwé, wọ́n fi awò ojú sí i, wọ́n rí ìlà náà, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Òun nìyí."

Mo ní, "Sà, n kò lè yọ ohun tí n kò rí."

Wọ́n rò ó. "Òfin yín yìí, ibì kan ń jò lára rẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò.

Ìlà tó wà lókè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. *Okùn ohùn wú díẹ̀. Jẹjẹrẹ kò sí.* Mo kà á. Mo tún un kà. Mo kà á tòun ti fúlúsítọ́ọ̀pù. N kò mọ̀ pé orí ìka ẹsẹ̀ ni mo ti ń dúró láti oṣù mélòó kan. Gìgísẹ̀ mi kanlẹ̀ lónìí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ìlà tiwọn. *Ohun tó fà á: aláìsàn ń pariwo ka ìwé ìròyìn láràárọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò gbọ́ràn.* Ọ̀gá, tí wọn kò fẹ́ràn àfojúdá, dárúkọ ọ̀rẹ́ náà níbẹ̀, orúkọ àti orúkọ bàbá.

Ọ̀tá Wa.

Bàámi kò wò mí. Ògiri fóòmù ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọdún tó kọjá làwọn bá Ọ̀tá níwájú ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, ó gbé ìwé ìròyìn sódì, ó ń mi orí bí ẹni tó ń kà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọjá. Àwọn sì kọjá. Wọ́n wá padà. Wọ́n ní atẹ̀wé ni ọkùnrin náà, wọn ò lè máa wò ó kó gbé ọ̀rọ̀ sódì. Àwọn ka àkọlé kan fún un, àṣìṣe wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń rìn lọ. "Tẹ́lẹ̀, òun ló ń kà, èmi ni mò ń wò. Ní báyìí tí mo ti ní awò, èmi ni mò ń kà. Tí mo bá dé ibi àṣìṣe, á gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n tí n kò bá pariwo kọ́mà, kò ní gbọ́ kọ́mà."

Mo bi wọ́n pé ṣé ó ti tọrọ àforíjì nípa ti ojú.

"Rárá."

Ṣé wọ́n ti dárí jì í?

"A kò tíì dé ojú ìwé yẹn."

Wọ́n ká ìwé wọn. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ o. Torí mi ló fi ń bínú sí wọn láti ọjọ́ yìí wá. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé mo ti dúró lójú ọ̀nà, tí òun ṣì ń bá mi sáré ìbínú?"

Wọ́n tún ní Ọ̀tá sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi sí òun létí á dé lọ́jọ́ Ajé, tó bá ti dé, ohùn àwọn á sinmi. Mo ní n kò láṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Bàámi rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ mi. Kò ní ohùn nínú, èjìká nìkan ló ń mì.

Ọ̀gá gbà pé orúkọ ẹlòmíì kò wúlò fún ìtọ́jú ọ̀fun. A yọ ọ́. Mo kọ "ẹnì kan" síbẹ̀. Bàámi ní kí n fi kọ́mà sí i.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Èmi àti Màámi ń ká aṣọ. Bàámi ti jáde lọ rìn.

"Ìwọ tí wọ́n fi ṣọ́ àṣírí," Màámi wí. "Tí ẹnì kan bá sọ nǹkan fún ọ, òfin ní kí o má sọ fún ẹlòmíì, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń bẹ̀rù.

"Àní tó bá jẹ́ bàbá rẹ ni ẹlòmíì yẹn?"

Mo ní òfin kò mọ bàbá ẹnì kankan.

Wọ́n gbọn ṣẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n tún un gbọn. Wọ́n ní àwọn àti ìyàwó Ọ̀tá máa ń jókòó pọ̀ nírọ̀lẹ́, tí àwọn bá ní àwọn fẹ́ lọ ra nǹkan. Ó ti pẹ́. Obìnrin náà nìkan ló ń tọ́jú ọkọ tí kò ríran tí kò gbọ́ràn, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí kò ní pariwo. Wọ́n ní tí àwọn bá sọdá títì nígbà tí àwọn rí i, kì í ṣe láti yẹra. Ibẹ̀ ni àga wọn wà.

"Bàbá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe fún un, kò tíì gbàgbé."

Mo ká táwẹ́ẹ̀lì. Mo tú u. Mo tún un ká.

"Àánú wà láyé ṣá," Màámi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó ní ẹnì kan ń wá ka ìwé ìròyìn fún ọkọ òun láràárọ̀, kì í pa á jẹ. Mo bi í pé ta ni. Ó ní òun kò lè sọ, ẹni náà bẹ òun. Ẹni yòówù kó jẹ́, orí tó dá a kò dá ẹni burúkú."

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Rárá o, mo ní n kò láṣẹ. Màámi rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ìyàwó Ọ̀tá. Ó ń gba Bàámi lálejò láàárọ̀, ó ń gba Màámi lálejò nírọ̀lẹ́, ìyẹn kò kan ìyẹn rí. Kò ní kọ̀m̀pútà. Kò lẹ nǹkan kan mọ́ ògiri.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kẹta

Ẹnì kan gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lánàá. Ẹnì kan kò pariwo láàárọ̀ yìí. N kò dárúkọ.

Àìkú, 30 oṣù Kẹta

Oúnjẹ ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ dáa. Bàámi béèrè fún omi, ohùn wọn sì jáde bí owó tuntun. Mo fẹ́ẹ́ máà gbé omi náà fún wọn kí wọ́n lè tún un béèrè.

Màámi, láìwo ẹnì kankan, ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí Ọ̀tá létí.

Bàámi dá jíjẹ dúró. Wọ́n tún ohùn ṣe, ohùn tó mọ́ geere, tí a lè gbọ́ gbogbo kọ́mà inú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkùnrin burúkú."

"Òun àti ìyàwó rẹ̀," Màámi wí.

Wọ́n méjèèjì tẹ orí mọ́ àwo wọn. Fáìlì méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú wọn, òfin sì ní n kò gbọdọ̀ so wọ́n pọ̀.

Mo ní kí wọ́n bá mi nawọ́ mú iyọ̀.